Ọ̀jọ́ Tí Mo Rántí, Ọ̀jọ́ Tí Mo Bá

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá bi mí pé báwo ni Ọ̀jọ́ ṣe rí, èmi náà á kọ́kọ́ bi í pé, Ọ̀jọ́ wo? Méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan ti wà lọ́kàn mi láti kékeré, mo sì ti kọ ọ́ sínú orí kìíní ìwé ìgbésí ayé mi kí n tó gbéra nílé. Èkejì ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀, nígbà tí àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba, tí epo bẹntiróò wọ́n bí ojú. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti owó ọkọ̀ dá yín lágara. Mo lọ, mo sì bọ̀. Ohun tí ojú mi rí láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ rò fún yín.

*Kí n tó kúrò nílé*

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìsẹ́yìn mọ̀ pé tíṣà ni mí, n kì í sì í fọwọ́ sí ohun tí n kò tíì yẹ̀ wò dáadáa. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní kí n kọ ìtàn ara mi sílẹ̀ kí iyè tó ra mí. Ọ̀jọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ohun tó pẹ́ jù tí mo lè rántí. Mo kọ nípa ọ̀sà tó tẹ́ lọ títí, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ta aṣọ sí kí afẹ́fẹ́ lè máa tì wọ́n lọ. Mo kọ nípa òfì kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, nítòsí omi. Mo kọ nípa obìnrin kan tó fín ara lápá méjèèjì, tó máa ń gbé àwo ẹja yíyan wá, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gbé e sílẹ̀.

Bàbá àgbà mi, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, gbé Ọ̀jọ́ rí. Ahunṣọ ni. Ó kó òfì rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́mọkùnrin, ó pẹ́ níbẹ̀, ó padà sílé, kò sì pẹ́ tó dé tó fi kú. Kò pé ọdún tó kú tí wọ́n bí mi. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, wọ́n bá sọ mí ní Babátúndé. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ló tọ́ mi dàgbà. Ọkọ mi ló ń pè mí. Láàárọ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí èmi tí n kò tíì lè nu imú ara mi. Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, àwọn ẹbí mú mi dání nígbà tí wọ́n lọ kó ẹrù rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí.

Mo pe àwọn ará ilé jọ, mo ka orí kìíní náà sí wọn létí. Ó dùn mọ́ wọn. Wọ́n ṣe háà níbi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe háà. Àfìgbà tí mo parí tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà wo lẹ lọ sí Ọ̀jọ́? Ta ló mú yín lọ?"

Mo lanu, n kò rí orúkọ dá. Bàbá mi kò dé Èkó rí títí tó fi kú. Ìyá mi kò kọjá Ìbàdàn. Àgbà náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Bí orí kìíní ìwé bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò gba orí kejì gbọ́? Mo mọ ohun tí mo rí. Mo sì mọ̀ pé n kò rí ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Mo wá pinnu pé n ó lọ sí Ọ̀jọ́ fúnra mi. Bí mo bá rí ẹni tó rántí pé wọ́n mú ọmọ kékeré kan wá láti Ìsẹ́yìn, orí kìíní dúró. Bí n kò bá rí i, n ó fà á ya, n ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí àwọn tíṣà yòókù.

*Òkòkòmáíkò*

Ọ̀dọ̀ Lásísì ni mo dé sí. A jọ ṣe kékeré ni, ilé ìwé kan náà la sì lọ. Ó ń ta táyà tòkunbọ̀ ní Ìyànà Ìbà, ó sì ní yàrá méjì nínú ilé olójúlé gígùn kan ní Òkòkòmáíkò.

"Túndé! Ṣé ìwọ rèé? O mà ti di arúgbó o!" Orí òun fúnra rẹ̀ ti pá kanlẹ̀. "Come in, come in, má dúró síta."

Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù gbà mí lálejò. Ẹ̀yin ará ilé, ẹja tí a mọ̀ lọ́dọ̀ wa ti gbẹ, ó ti ká kò, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí ṣì ní orí, ó ní ojú, ojú náà sì tẹjú mọ́ mi. Mo rọra yí àwo padà kí ó máa wo Lásísì. Ìyàwó Lásísì rí mi, ó fi gèlè bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ kan ẹran ara ẹja náà, tó ya láìjà, tí ata rẹ̀ sì kàn mí lọ́fun, mo mọ ìdí tí ará òkè fi ń dé Èkó tí kì í padà sílé.

Ìkíni wọn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Níbí, bí a bá kí ènìyàn, a ó dúró gba èsì, a ó bèèrè ilé, a ó bèèrè ọmọ. Níbẹ̀, wọn á ti kọjá rẹ kí "ẹ káàárọ̀ sà" tó jáde lẹ́nu wọn tán. Mo rò pé ìwà ọ̀yájú ni. Àmọ́ obìnrin Ẹ̀gbá kan ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ẹni tó kí mi bí ẹni tí iná ń jó nílé rẹ̀, òun kan náà ló gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi sí ẹnu ọ̀nà mi. Omi tó tò fún láti ìdájí ni. Ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, ẹ tètè wẹ̀ o," ó sì ti lọ kí n tó dúpẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé Ìsẹ́yìn ni mo ti wá. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé lójú wọn, gbogbo ẹni tó bá ti òkè wá, ará Ìbàdàn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta, àwọn aládùúgbò sì péjọ. Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn bí èmi ṣe jí mọ́ínmọ́ín tíṣà wa jẹ nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì, tí wọ́n sì ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Lásísì, ìwọ lo jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn. Ìwọ ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Túndé, bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹyin tó wà nínú ẹ̀ gan-an, ìwọ lo fi hàn mí."

Ó búra. Kì í ṣe ìbúra ẹ̀fẹ̀ o, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì fi kan ahọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Lásísì kì í búra èké. Ó dá a lójú gbangba pé èmi ni. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tó fi máa parí ìtàn rẹ̀, orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, mo sì ti ń gbọ́ òórùn ewé mọ́ínmọ́ín náà. Ìrìn àjò tí mo tìtorí ìrántí rìn, ìrántí tí mo mú wá láti ilé tún ti ń mì.

*Ìyànà Ìbà*

Ní ọjọ́ kejì, mo bá Lásísì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyànà Ìbà kì í ṣe ibi tí a ń dúró, ibi tí a ń gbà kọjá ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọjá pẹ̀lú ìwé láyà, àwọn ìyàwó sójà ń kọjá pẹ̀lú agbọ̀n ọjà lọ sí bàráàkì, àwọn Ègùn ń ru agbọ̀n àti ẹní wá láti ọ̀nà Badagry. Lásísì fún mi ní táyà kan láti jókòó lé. Ó ní táyà Jámánì ni, kí n máa gbádùn.

Mo ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀ léèrè ibi tí Ọ̀jọ́ wà gan-an, kálukú sì ń fi tirẹ̀ hàn mí. Sójà kan tó wá ra táyà ní bàráàkì ni Ọ̀jọ́, ibòmíràn kò sí. Ọmọ Ìgbò kan tó ń ta rédíò ní Alábà, tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ sọ ọ́, dá mi lóhùn pé, "Baba Ibadan, which Ojo you dey find again? You don reach. Na Alaba be Ojo." Obìnrin aláṣọ funfun kan, tí kò wọ bàtà, ní òkè àdúrà ìjọ òun ni Ọ̀jọ́ tí òun mọ̀. Kò sí èyí tó dárúkọ ọ̀sà nínú gbogbo wọn.

Mo wá sọ fún Lásísì pé ibi tí mo ń wá, omi wà níbẹ̀, igi àgbọn wà níbẹ̀, òfì sì wà níbẹ̀ rí. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu orí.

"Òfì ní Ọ̀jọ́? Túndé, ta ló máa hunṣọ láàárín àwọn apẹja?"

"Bàbá àgbà mi ni."

"Ìyẹn ni bàbá àgbà ẹ. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo rí i?"

Ìbéèrè tí mo sá fún nílé, òun náà ló tún dúró dè mí ní ìdí táyà. Mo dìde, mo gbọn ṣòkòtò mi nù, mo ní kó fi ọ̀nà ìlú àtijọ́ hàn mí.

*Ọ̀jọ́*

Mo gbọ́ òórùn ibẹ̀ kí n tó rí i. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ni, àti ti àdí àgbọn tí wọ́n ń sè. Àwọn ilé àtijọ́ fara ti ara wọn, iyanrìn wà níbi gbogbo, àwọn ilé búlọ́ọ̀kù tuntun sì ti ń yọ orí láàárín wọn. Mo já sí ẹ̀yìn ilé kan, ọ̀sà sì nìyí níwájú mi.

Ẹ̀yin ará ilé, n kò ní purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ló rí. Ó tẹ́ lọ títí, ó dákẹ́, erékùṣù aláwọ̀ ewé kan sì wà lókèèrè. Àwọn àgbọn ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù. Kò sí ọkọ̀ aláṣọ mọ́, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò. Mo dúró síbẹ̀, inú mi dùn, mo ní, Tíṣà, o ò purọ́.

Bàbá kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ àtíbàbà. Àwórì ni, Yorùbá rẹ̀ sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí mo fi ní láti tẹ́tí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gba ìkíni mi dáadáa, bí ti ilé, ó sì ní kí n jókòó kí n tó sọ ohunkóhun. Àlejò lójú, kò fi ríran, ó ní, kí n sọ ohun tí mo ń wá kí òun bá mi wò ó. Mo béèrè bóyá ahunṣọ kan láti òkè gbé ibẹ̀ rí láyé àtijọ́.

"Bàbá Aláṣọ," ó ní láìronú. "Èmi ò bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń sè àdí níbẹ̀ yẹn. Ẹ lọ bá Màámi Àbẹ̀kẹ́."

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa nílé mọ̀ pé bàbá àgbà bí, bàbá mi sì ni. Mo bi í pé ọmọ ta ni.

"Ọmọ Bàbá Aláṣọ," ó tún un sọ, ó sì padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

*Nídìí ìkòkò àdí*

Obìnrin tó ga ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó jù mí lọ ní ọdún bíi mélòó kan. Ó ń fi ìgbákọ gbá àdí kúrò lójú ìkòkò. Mo wo iwájú orí rẹ̀, mo wo bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣe ṣóńṣó, ojú bàbá mi ni mò ń wò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, nítorí pé bí ohun tí mo gbọ́ bá jẹ́ òótọ́, àbúrò bàbá mi ni, ìyá ni sí mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Babátúndé lorúkọ mi. Ìsẹ́yìn ni mo ti wá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Bàbá wo ló tún dé?"

"Bàbá tó bí bàbá mi. Ahunṣọ ni. Ó ti gbé ibí rí."

Ó gbé ìgbákọ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra kúnlẹ̀, eékún kan, kó tó kan èkejì, níwájú èmi tí mo ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. "Bàbá mi," ó ní. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà pẹ́ o."

Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè dìde kí àgbà tó ní kí n dìde. Òun náà kò lè dìde kí bàbá rẹ̀ tó ní kó dìde. Bí a ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, tí kálukú ń dúró de ẹnì kejì, tí àdí ń hó lórí iná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fúnmi, tó ti di onígbàgbọ́ àtúnbí, ló jáde síta tó bá wa bẹ́ẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde jàre, ẹsẹ̀ yín! Uncle, ẹ má bínú o. Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti kú, ó ti kú nìyẹn."

"Ṣé ìwọ ni mò ń kí?" ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, kò yíjú. Fúnmi fà wá dìde, èmi lọ́wọ́ kan, ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó gbé àga fún wa, ó sì fọ́ àgbọn tuntun fún mi láti mu omi rẹ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n ó ṣe é dáadáa.

Mo rò fún Màámi Àbẹ̀kẹ́ ohun tó gbé mi wá. Mo ní nígbà tí wọ́n mú mi wá sí Ọ̀jọ́ ní kékeré, mo rí òfì lábẹ́ àgbọn. Ó dá mi dúró.

"Ta ló mú yín wá?"

"N kò mọ̀, Màámi. Mo kéré."

"Kò sẹ́ni tó wá." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Bí ẹnì kan bá ti Ìsẹ́yìn wá, ṣé a ò ní mọ̀ ni? Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń wo ọ̀nà. Nígbà tó wò ó títí tó sú u, ó fi òfì náà dáná. Mo ṣì kéré nígbà yẹn. Ẹ̀yin ò tíì wáyé."

Mo tún gbìyànjú. Mo ní obìnrin kan ńkọ́, tó fín ara lápá méjèèjì, tó ń ta ẹja yíyan fún bàbá àgbà? Màámi Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Ó ń tà á kẹ̀? Ìyá mi nìyẹn! Kò ta oúnjẹ rí láyé ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún."

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé mi, mo sì mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá Àgbà ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá gbé orí lé itan rẹ̀, Ọ̀jọ́ ló máa ń pìtàn fún mi. Kì í sì í sọ pé "bàbá àgbà rẹ". Ìwọ ló máa ń sọ. "Nígbà tí o wà ní Ọ̀jọ́, abẹ́ àgbọn lo máa ń jókòó sí. Obìnrin kan wà tó máa ń ta ẹja fún ẹ, ó fín ara lápá." Ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ọkọ tó padà wáyé ló ń sọ ọ́ fún. Ó sì fi orogún rẹ̀ ṣe olóúnjẹ, ó yọ ọmọ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Mo ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn bí a ti ń kọ ìtàn láti ìgbà èwe mi, n kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ bí Ìyá Àgbà.

Mo tún rántí ohun kan. Nínú ìrántí mi, tí obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ gbé àwo sílẹ̀, àárín orí rẹ̀ ni mo máa ń rí, níbi tí irun ti pín sí méjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré wo ló ń wo àárín orí àgbàlagbà? Ojú ọkùnrin tó jókòó sídìí òfì ni mo fi ń wò ó láti ọjọ́ yìí. N kò dé Ọ̀jọ́ rí. Ó dùn mí wọra. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ mi.

Màámi Àbẹ̀kẹ́ kò bá mi kẹ́dùn nítorí ìwé. Ohun tí òun ń wá yàtọ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Kí ló dé tí ẹ ò padà wá?"

Fúnmi ní, "Màámi." Mo rí i pé kì í ṣe eré. Ìbéèrè náà ti dàgbà nínú rẹ̀ láti kékeré, kò sì sí ẹlòmíràn láyé yìí tí ó lè bi.

Mo wá inú ara mi. Mo rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó ti wà tipẹ́ tí n kò mọ ẹni tó ni ín. Mo sọ ọ́ bí Ìyá Àgbà ti máa ń sọ ọ́ fún mi. "Nígbà tí mo délé, ẹsẹ̀ mi wú. Mo ní n ó padà lọ tó bá ti san. Kò san."

"Ẹsẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ni, Màámi."

Ó gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un títí dọjọ́ ikú pé ọkùnrin òkè kò ṣeé fọkàn tán, pé bàbá rẹ̀ sá ni. "Ẹsẹ̀ ni," ó ń wí fún ara rẹ̀. "Kò sá. Ẹsẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà ó wò mí lójú. "Ṣé ẹ dárúkọ mi? Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn yín, ṣé ẹ dárúkọ mi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bẹ́ẹ̀ ni ti wà lórí ahọ́n mi. Ó rọrùn. Ó máa dùn mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Bóyá òótọ́ tilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò dárúkọ ọmọ kankan fún mi rí, mo sì ti fi ìwé kan purọ́ láìmọ̀, n kò fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún obìnrin yìí.

"N kò rántí," mo ní. "Ẹ foríjì mí. N kò rántí."

Mo rò pé ó máa sunkún. Ó fọwọ́ lu eékún mi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó lọ tó sì tún ayé wá, ṣé gbogbo nǹkan ló máa rántí ni? Èmi á rán yín létí."

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn mọ bí òfì wa ṣe rí. Òwú á gùn lọ síwájú ahunṣọ dé ìta gbangba, wọn á so ìkángun rẹ̀ mọ́ pákó tí wọ́n gbé òkúta lé. Bí aṣọ bá ti ń wọlé sọ́dọ̀ ahunṣọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà á máa wọ́ bọ̀ nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Láàárọ̀, ẹ máa ń gbé mi jókòó lórí òkúta yẹn," Màámi Àbẹ̀kẹ́ ní. "Ẹ ní kí n bá yín mú un wúwo. Ibi tí mo wà máa ń jìnnà, mi ò ní gbọ́ ohùn yín. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, mi ò gbọdọ̀ rìn. Bí ẹ bá ti ń hun ún, bẹ́ẹ̀ ni mò ń bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ti dé iwájú yín. Ẹ máa na ọwọ́, ọwọ́ yín á tó mi. Ẹ máa ní, 'Àbẹ̀kẹ́, o dé?'"

Fúnmi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀ Bíbélì mọ́. Mo na ọwọ́ mi, ó sì tó o. Mo fi lé e lórí, lórí irun funfun yẹn.

"Àbẹ̀kẹ́, o dé?"

"Mo dé, bàbá mi."

N kò fa orí kìíní ya. Mo yọ irọ́ inú rẹ̀, mo yọ àwọn ẹbí tó mú mi dání lọ kó ẹrù, nítorí wọn kò mú mi lọ. Èyí tó kù, mo kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi lónìí. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo jókòó lábẹ́ àgbọn, tí mò ń hunṣọ, tí ọmọ mi jókòó sórí òkúta lókèèrè, tó ń bọ̀ wá bá mi. Ẹni tó bá fẹ́ lè béèrè ìgbà tí mo lọ sí Ọ̀jọ́. Àbẹ̀kẹ́ wà láyé, kó lọ bi í.